Àmì Tó Kéré Bí Ìgbẹ́ Eṣinṣin

Tinúadé, o bi mí ní agogo mẹ́ta òru,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú tí gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́.
O ní, "Àǹtí, ṣé kí n lọ ni àbí kí n dúró?"
N kò dá ọ lóhùn.
Ìka mi wà lọ́rùn ọwọ́ ìyá Ìjẹ̀rù, mò ń ka bí iṣan ṣe ń lù.
Ẹni tó ń ka iṣan kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ìrìnàjò.

Jókòó wàyí. Tọ́ọ̀ṣì yìí ṣì níná díẹ̀.

Ṣé o rántí ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá láti Ìkòyí-Ilé,
tí dókítà sáré kọ oògùn rẹ̀ sínú fáìlì wéréwéré?
O fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ títí ó fi kún,
o wò ó, o wò mí, o ní, "Ó pọ̀ jù lójú mi."
Ojú rẹ ò tàn ọ́.
Àmì róbótó kan ló sọnù láàárín òókan àti òdo,
àmì tó kéré bí ìgbẹ́ eṣinṣin,
òun nìkan ló wà láàárín ọmọ yẹn àti ilẹ̀ pupa.

Mo ní kí o lọ kan ilẹ̀kùn dókítà.
Ó bú ọ. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.
Ó ní nọ́ọ̀sì àná-àná fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́.
Lẹ́yìn náà ló wo fáìlì, ló dákẹ́,
ló bẹ̀rẹ̀ sí í tàràkà wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì
bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bi wọ́n.
Bí wọ́n bá bú ọ, bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.
Èébú kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun.
Ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi náà ti ṣe ọmọdé nínú aṣọ yìí rí.
N kò bi ẹnikẹ́ni,
ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé n ò mọ̀wé.
Má bi mí ní orúkọ ọmọ ọ̀hún.
Mo máa ń pè é nígbà tí mo bá ń fọwọ́,
ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi.

Móróunfólú lọ sí Sọ́díà.
Ó ra ilẹ̀ sí Arówómọlẹ̀, ó kọ́lé, ó kan òrùlé,
síbẹ̀ ó ń pè mí lóru láti béèrè
bóyá máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ti pọ́n.
Gbádébọ̀ ò lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí mọ́ tirẹ̀,
alùpùpù rẹ̀ mọ gbogbo kòtò ọ̀nà Oríire,
owó oṣù rẹ̀ ò sì tó ra táyà.
Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ń sunkún.
N ò mọ èwo ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ajílété ni ọ́,
o mọ̀ pé a ń jẹ ọkà yó ká tó mukọ.
Jẹ iṣẹ́ yìí yó ná.
Mọ bí a ṣe ń wá iṣan arúgbó tó sá wọnú ẹran,
mọ èémí tó ń yí padà kí ẹ̀rọ tó pariwo,
mọ bí a ṣe ń sọ fún ọkọ tó gbé fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná wá
pé kò sí ẹni tí yóò mu ún mọ́,
láìwo ilẹ̀.
Bí ìwé ìrìnnà bá wá dé, máa lọ.
Bí kò bá dé, iṣẹ́ ń bẹ.

Dìde. Wọ́n ti ń gbálẹ̀ níta, àwọn ti àárọ̀ ń bọ̀.
Kọ gbogbo ohun tí o ṣe sílẹ̀,
ohun tí a ò kọ, a ò ṣe é.
Iṣan ìyá Ìjẹ̀rù ti wálẹ̀ sí méjìlélọ́gọ́rin.
Sísọ́ọ̀sì mẹ́fà la gbà lánàá.
Márùn-ún ni mo kà.
Wo àpò rẹ.